Eku Alápò Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ìdùnnú Rẹ̀ àti Ìṣọ́ra Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí lè pa àwọn kan nínú yín lẹ́rìn-ín. Eku ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe eku tí ń jẹ wá ní gààrí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkété tí àwọn ọdẹ ń yan tà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Eku kan ni tí wọ́n ń pè ní hámsítà, tí àwọn ọmọ òyìnbó ń sìn nínú ilé bí a ti ń sin ológbò. Àwọn ọmọ tiwa tí ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti ní Amẹ́ríkà náà a máa bẹ òbí wọn kí wọ́n rà á fún wọn. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní òkè òkun. Bí ẹ kò bá tí ì gbọ́ orúkọ ẹranko yìí lẹ́nu wọn lórí tẹlifóònù, ó lè má pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ ọ.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé nípa rẹ̀ ni èyí tí ojú mi rí ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kìíní ọdún kan tí mo lọ kí wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 9, ní hámsítà kan tí àwọn ọmọ náà sọ ní Alápò. Ẹ óò gbọ́ ìdí orúkọ yìí láìpẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan gbogbo wa lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Manchester, a sì sùn níbẹ̀. A fi oúnjẹ àti omi sílẹ̀ fún Alápò. Ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi, ẹni tí kì í fi owó iná ṣeré, ti pa ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná kí a tó jáde. Nígbà tí a padà dé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú ilé tutù bí yìnyín, a sì bá Alápò tí ó ká jọ sí igun àgò rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ dì, kò mira.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kú," ni ọkọ àbúrò mi wí fún mi jẹ́jẹ́. Ó ti mú àpò ọ̀rá kan dání, ó fẹ́ gbé e jáde kí ọmọ má baà rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ti rí i. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò sunkún, ó kàn ń wò mí.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Èmi tí mo ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú ọmọ ènìyàn, n kò tọ́jú eku rí. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹni tí òtútù bá gbá mú, kí a má ṣe yára sọ pé ó ti kú títí a óò fi mú ara rẹ̀ gbóná. Mo gbé Alápò sí àtẹ́lẹwọ́. Kò le gbagidi bí òkú. Mo tẹjú mọ́ ìhà rẹ̀. Ó pẹ́ títí, ó mí ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún pẹ́ títí, ó tún mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, mo gbé e mọ́ àyà nínú aṣọ òtútù mi, wọ́n sì tan ẹ̀rọ ilé. Nígbà tí ó tó bí ìlàjì wákàtí, irun ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí a tó lọ sùn, Alápò ti dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ìdí àwo oúnjẹ ni ó sì gbà lọ tààrà. Ọkọ àbúrò mi ká àpò ọ̀rá náà sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Alápò, má bínú o."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé nípa ẹranko yìí. Mo sì rí i pé òtútù nìkan kọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Alápò, àìmọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìwà hámsítà tí ń pa ni lẹ́rìn-ín ni ó ní ìdí. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ yóò gbádùn ẹranko náà, kò ní ṣèèṣì pa á, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tipasẹ̀ rẹ̀ kó àìsàn.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Oríṣiríṣi hámsítà ni ó wà, ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ jù nínú ilé ni hámsítà ilẹ̀ Síríà. Irun rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ wúrà, ikùn rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ kò sì ju kùkùté lọ. Bí ó bá dàgbà tán, kò wúwo ju ẹyin adìẹ méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ọdún 1839 ni onímọ̀ ẹranko kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Waterhouse, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọdún 1930 kí ó tó di ohun tí ènìyàn ń sìn káàkiri. Ní ìgbà náà, dókítà kan ní Jerúsálẹ́mù, Saul Adler, ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn kala-azar, èyí tí kòkòrò kékeré abìyẹ́ kan ń fi ìjẹ rẹ̀ gbé wọ ara ènìyàn. Ó ń wá ẹranko kékeré tí yóò máa bímọ ní ilé ìwádìí. Israel Aharoni, onímọ̀ ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Hébérù ti ìlú náà, ni ó lọ sí agbègbè Aleppo ní Síríà láti bá a wá a. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú oko àlìkámà títí ihò náà fi jìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 8, wọ́n sì bá ìyá hámsítà kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyá náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn sá lọ, àwọn mìíràn kú. Díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni ó bímọ ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 1931 wọ́n mú nínú wọn dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1938 wọ́n dé Amẹ́ríkà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo hámsítà Síríà tí ń bẹ nínú ilé àwọn ọmọdé lónìí ni ó jẹ́ àtọmọdọ́mọ ìyá kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ilé ìwádìí ìṣègùn ni ẹranko yìí gbà wọ inú yàrá àwọn ọmọ wa. Kí a sì rántí ìlú rẹ̀: ilẹ̀ gbígbẹ, tí oòrùn ń mú ní ìgbà ẹ̀rùn, tí òtútù ń mú ní ìgbà òtútù, tí oúnjẹ kì í sí ní gbogbo ìgbà. Inú ihò ni ó ń gbé, òun nìkan. Òru ni ó ń jáde. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo ìyókù yóò yé e.

ÀPÒ INÚ Ẹ̀RẸ̀KẸ́

Ìdí tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Alápò nìyí. Hámsítà ní àpò méjì nínú ẹnu, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, wọ́n sì gùn dé èjìká rẹ̀. Bí ẹ bá da ọkà sílẹ̀ fún un, kò ní jókòó jẹ ẹ́ bí ọmọlúwàbí. Yóò máa kó o sẹ́nu ní kíákíá, títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, bí ìyá tí ó ti ọjà Bódìjà dé pẹ̀lú ẹrù ní ọ̀tún àti ní òsì. Lẹ́yìn náà yóò sáré lọ sí igun kan, yóò fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, gbogbo ẹrù yóò sì tú jáde. Ní èdè Jámánì, ara orúkọ ẹranko yìí ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kíkó oúnjẹ pamọ́ nítorí ọjọ́ ọ̀wọ́n. Bí ẹ̀rù bá ba ìyá hámsítà, ó lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú àpò náà kí ó sì gbé wọn sá.

Nítorí àpò yìí, kí ọmọ má ṣe fún un ní ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí ohun tí ó ní ẹnu ṣóńṣó. Súìtì lè lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ṣokoléètì sì jẹ́ májèlé fún un. Kí a má fún un ní àlùbọ́sà, áyù tàbí ọsàn. Ọkà gbígbẹ, jéró, bàbà, ẹ̀pà díẹ̀ tí kò ní iyọ̀, kárọ́ọ̀tì kékeré àti ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ mọ́, ìwọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú omi mímọ́ ní gbogbo ìgbà. Lójoojúmọ́ kí a yọ ẹ̀fọ́ tí ó ti ń rà kúrò nínú ìkópamọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fi oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí a bá palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé tí ó jí tí kò bá nǹkan kan nínú àká.

OLÙṢỌ́ ÒRU

Yàrá àwọn ọmọ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn fún mi sí. Ní òru àkọ́kọ́, ní nǹkan bí aago méjì, mo gbọ́ gìrìgìrì, gìrìgìrì, bí ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Mo ti dìde jókòó, mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí n tó mọ̀ pé Alápò ni ó ń sáré nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò ní ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń kánjú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Kì í ṣe wèrè ni ó ń ṣe. Ní ìlú rẹ̀, hámsítà máa ń rìn jìnnà láti wá oúnjẹ. Àgò kò fún un ní ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ó fi kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀, ó sì lè sáré ọ̀pọ̀ kìlómítà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kẹ̀kẹ́ náà kò gbọdọ̀ kéré sí 20 sẹ̀ńtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ̀yìn eku má baà tẹ̀. Ibi tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbọdọ̀ dí, kí ó má jẹ́ irin tí àlàfo wà láàárín rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ lè há kí ó sì ṣẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun àti máa hù, nítorí náà ẹ fún un ní igi tí yóò máa jẹ, kí ó má baà dojú kọ irin àgò.

Ní ọ̀sán ó ń sùn. Ọmọ tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ó kàn ki ọwọ́ bọ ibùsùn rẹ̀ yóò gba eyín. Èyí kì í ṣe ìwà burúkú. Ta ni nínú wa tí wọn óò fà sókè láti ojú oorun tí kò ní bínú? Kí ọmọ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ó kọ́kọ́ pè é jẹ́jẹ́, kí ó na ọwọ́ sí i kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ó sì lè rìn kọjá etí tábìlì kí ó já lulẹ̀. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni kí ọmọ jókòó sí bí ó bá fẹ́ gbé e. Imú ni ó gbọ́kàn lé. Àbúrò ọmọkùnrin náà, ọmọbìnrin ọdún 6, jẹ dòdò tán kò fọ ọwọ́, ó sì na ìka sí Alápò. Alápò rò pé dòdò ni, ó sì gé e jẹ. Ọmọ ké, eku sá, ìyá wọn ní kí a dá eku padà fún ẹni tí ó tà á. Mo ní, "Àbúrò mi, ẹ̀bi dòdò ni o."

ÌWÀ TÍ Ń DẸ́RÙ BA ÀWỌN ÌYÁ

Àbúrò mi fi ohun dúdú kan hàn mí ní ìbàdí Alápò, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé kókó burúkú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni òróró tí ó ní òórùn ti ń jáde lára hámsítà Síríà, ara akọ ni ó sì ti hàn jù. Ó ń fi í nu ara ògiri, bí ẹni tí ń kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sí ara ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ìyá mi, nígbà tí ó lọ kí wọn, rí i tí ó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Màmá bo ojú, wọ́n ní àwọn kò tún ní wọ yàrá náà mọ́. Ìdí wà fún èyí pẹ̀lú. Àwọn èròjà aṣaralóore kan wà tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìfun ni wọ́n ti ń jáde. Bí kò bá tún wọn jẹ, ara rẹ̀ kò ní rí wọn lò. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi omi wẹ̀ ẹ́. Omi a máa bọ́ òróró ara rẹ̀ dànù, òtútù a sì gbá a mú. Òun fúnra rẹ̀ ń lá ọwọ́, ó ń nu ojú, ó ń nu ẹ̀yìn etí, bí ọmọ tí ń múra ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fún un ní abọ́ yanrìn mímọ́ kí ó máa yí nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe wá ẹnìkejì fún un nítorí àánú. Hámsítà Síríà tí ó ti dàgbà kì í bá ẹlòmíràn gbé. Wọn óò jà títí ọ̀kan yóò fi kú. Bí ó bá sì jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n fi síbi kan, ọjọ́ 16 péré ni oyún rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ki ọwọ́ bọ ibi tí ìyá bímọ sí, ẹ̀rù lè mú kí ó jẹ àwọn ọmọ náà. Ẹ rántí ìyá tí wọ́n gbẹ́ jáde ní Aleppo.

Ti òtútù ńkọ́? Bí ilé bá tutù púpọ̀, tí òkùnkùn pọ̀, hámsítà lè sùn oorun kan tí ó jọ ikú. Ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, kì í mí dáadáa. Ẹ má ṣe sin ín, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ fi ọwọ́ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ má fi omi gbígbóná tàbí iná mú un gbóná. Bí ó bá jí, ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko. Èyí tí ó sàn jù ni kí ilé má jẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ rárá.

Bákan náà, bí ẹ bá rí i tí ìdí rẹ̀ tutù tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá ọmọ rẹ̀ kékeré, ẹ má dúró di ọ̀la. Àìsàn yìí lè pa á láàárín ọjọ́ méjì.

ÌLERA ÀWA ÈNÌYÀN

Ibi iṣẹ́ tèmi gan-an nìyí. Hámsítà tí ara rẹ̀ le kò léwu púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé kòkòrò àrùn tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó lè kó làpálàpá ran ọmọ, irun àti ìtọ̀ rẹ̀ sì lè mú kí ẹni tí ó ní ikọ́ fée máa mí pẹ̀lú ìnira. Nítorí náà:

Kí gbogbo ọmọ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Kí àgò rẹ̀ má sí ní ilé ìdáná, kí a má sì fọ̀ ọ́ níbi tí a ti ń fọ abọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí àgbà kó ìdọ̀tí àgò, kí ó fi omi rin ín kí eruku má baà gbé, kí ó sì fi ìwọ̀nba bébà àtijọ́ tí ó gbẹ sílẹ̀ kí eku lè mọ òórùn ilé rẹ̀. Bébà tí a ya wẹ́wẹ́ ni kí a tẹ́ fún un, kì í ṣe òwú, nítorí òwú lè dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ sì wò ó bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àrùn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dì.

Ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún 5 bá wà, tàbí aboyún, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, bí ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kò yẹ kí wọ́n ra hámsítà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn eku kan ń gbé, tí a ń pè ní LCMV. Lára ẹni tí ó lágbára, ó lè dà bí ibà lásán, ṣùgbọ́n ó lè ba ọpọlọ àti ojú ọmọ inú oyún jẹ́. Ní ọdún 2005 ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 4 gba ẹ̀yà ara olóògbé kan láti rọ́pò tiwọn tí ó ti bàjẹ́. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà nínú ẹ̀yà ara náà, 3 nínú wọn sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, hámsítà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí ilé olóògbé náà ni wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì náà lára rẹ̀. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín, bí kò ṣe kí ẹ mọ̀ pé ọṣẹ àti omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣerégèé.

EKU ILÉ KÌ Í ṢE ALÁPÒ

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn mi jù ni mo fi sí ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wá sí ilé ní Ìbàdàn fún ìsinmi, mo bá ọmọbìnrin kékeré yẹn tí ó ká gúlútú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹ̀pà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án sí ẹnu ihò kan. Ó ní òun ń fún ẹ̀gbọ́n Alápò ní oúnjẹ. Ọkàn mi fò.

Mo fà á dìde, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo sì jókòó tì í. Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo eku ni ọ̀rẹ́." Ní ilẹ̀ wa eku kan wà tí ó ní ọmú púpọ̀, tí í máa ń wọ ilé wá jẹun. Òun ni ó ń gbé ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Bọ̀rnó pè nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1969. Ẹbí kan náà ni fáírọ́ọ̀sì Lassa àti LCMV tí mo sọ lókè, ṣùgbọ́n Lassa burú jù ú lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ni ó fi ń ran ènìyàn, bí ó bá kan oúnjẹ, abọ́ tàbí ọwọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti ń jà jù, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n sì ti tọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀.

Òkété wa pàápàá kò yẹ ní sísìn nínú yàrá. Ní ọdún 2003, wọ́n kó òkété àti àwọn eku igbó mìíràn láti Gánà lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà kí àwọn ènìyàn lè máa sìn wọ́n. Àrùn mpox wà lára wọn. Ó ran àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n jọ ń tà, lára àwọn yẹn ni ó sì ti ran ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mélòó kan. Ènìyàn 47 ni wọ́n kà pé ó kó o.

Nítorí náà, ẹ bo gààrí àti ẹ̀wà yín sínú ike tí ó ní ìdérí. Ẹ má sá gààrí sí ojú títì. Ẹ dí ihò ilé, ẹ má jẹ́ kí ààtàn sún mọ́ ilé ìdáná. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, tí àárẹ̀ mú un tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ribavirin wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ẹranko tí yóò máa tọ́jú nílé níhìn-ín, ẹ fún un ní ehoro tàbí ológbò tí dókítà ẹranko ti yẹ̀ wò.

Kí n tó dákẹ́, ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Alápò yọrí sí. Hámsítà kì í gbé ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ, ó sì dára kí òbí ti sọ èyí fún ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá rà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀wò mi, tẹlifóònù mi dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin náà ni.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ mà. Alápò kò jí. Mo ti mú un gbóná nínú ọwọ́ mi fún wákàtí kan. Mo wò ó bóyá ó ń mí. Kò mí."

Mo bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ ti le. Ó ní ó ti le. Mo kí i kú àṣẹ̀hìndè. Mo ní ó ti ṣe ohun gbogbo tí nọ́ọ̀sì ì bá ṣe.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo ti fọ ọwọ́ mi náà, mà."

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó lè tọ́jú ohun kékeré títí dé òpin, tí ó sì rántí fọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ìlera wa kò ní bàjẹ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.